John Logie Baird àti Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán Aláwọ̀

Bí ènìyàn bá gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán aláwọ̀ ti àtijọ́, irú èyí tí ó wúwo, tí ó yọ ikùn sẹ́yìn, tí a sì fi pákó dídán ṣe àpótí rẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ dájú ní àyíká Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣẹ́ náà kò ní ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Yóò tú ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì fi wáyà àti irin tí a fi rọ́bà dì lọ́wọ́ tú agbára iná tí ó kù sínú ìgò àwòrán ńlá inú rẹ̀ dànù. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí a tilẹ̀ ti yọ okùn ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, agbára tí ó ṣẹ́kù sínú ìgò yìí lè gbé géńdé ọkùnrin ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tan ẹ̀rọ náà, tí yóò sì tẹjú mọ́ ọn. Bí ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán bá rí bí ewé tútù tí a rẹ sínú aró, ó mọ̀ pé pupa ni kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, ó mọ̀ pé àwọ̀ aró ni ó ń ṣàìsàn. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà: pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró. Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni gbogbo àràbarà tí ojú ń rí ti ń jáde.

Iṣẹ́ yìí ti mọ́ irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára bí ẹní fẹran jẹ̀kọ. Àwọ̀ mẹ́ta náà, ìgò àwòrán náà, àti iná tí ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ náà, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti wà rí tí ó ti fi àwọ̀ mẹ́ta yìí rán àwòrán kí a tó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ náà ṣe lónìí. Iná náà ti gbé òun pàápàá ṣánlẹ̀ rí, àtúntò ohun tí ó bàjẹ́ ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni John Logie Baird.

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Helensburgh, ní etí odò Clyde ní ilẹ̀ Scotland, ni a gbé bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1888. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Ẹbí àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Glasgow ni ìyá rẹ̀ ti wá. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Láti kékeré ni àìsàn ti bá a jà, òtútù sì di ọ̀tá rẹ̀ títí ó fi kú. Kò sí ọdún tí ó rékọjá tí kò ní dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ara rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀. Nígbà tí ó ṣì wà ní ilé-ìwé, ó ta wáyà láti ilé bàbá rẹ̀ kọjá òpópónà lọ sí ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú tẹlifóònù tí òun fúnra rẹ̀ tò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ìjì jà, wáyà náà rọ̀ wálẹ̀, ó kọ́ awakọ̀ ẹlẹ́ṣin kan tí ń kọjá lọ lọ́rùn, ó sì fà á lulẹ̀ láti orí ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn tẹlifóònù parí sí. Ọmọ náà yí sí iná mànàmáná, ó sì fi ẹ̀rọ tí ó tò fúnra rẹ̀ tan iná sí ilé àlùfáà. Lẹ́yìn èyí ó kan ohun kan tí ó ní apá bí ẹyẹ, ó gbé e gun òrùlé, ó jókòó sínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tì í. Orí ilẹ̀ ni ó bá ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún fẹ́ gbọ́ ohun tí ń jẹ́ fífò lójú ọ̀run mọ́.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Glasgow, ó sì wọ yunifásítì ìlú náà, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé kìíní tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914 kò jẹ́ kí ó gba oyè. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ó wá gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń pèsè iná fún àwọn ìlú etí odò Clyde. Níbẹ̀ ni ó ti gbìyànjú láti ṣe dáyámọ́ńdì. Ó ti ọ̀pá èédú bọ inú kọnkéré, ó sì da agbára iná ńlá lù ú. Dáyámọ́ńdì kò jáde. Iná àdúgbò ni ó kú. Ó hàn gbangba nígbà náà pé iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá kò bá a lára mu.

Kò pẹ́ tí ó fi di oníṣòwò. Ó kọ́kọ́ ṣe ìbọ̀sẹ̀ kan tí kì í jẹ́ kí omi àti òtútù mú ẹsẹ̀, ọjà náà sì tà, ṣùgbọ́n òtútù tí ó ń tìtorí rẹ̀ ta ìbọ̀sẹ̀ ni ó tún dá a dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1919 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Trinidad, ní ìrètí pé oòrùn ibẹ̀ yóò wo òun sàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí se èso pọ̀ mọ́ ṣúgà fún títà. Àwọn kòkòrò igbó ni ó kọ́kọ́ dá ọjà náà mọ̀ ní ọjà tí ó dára: wọ́n ya wọ inú ìkòkò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì ń kú sínú rẹ̀. Àìsàn lé e padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ta oyin, ó ta ọṣẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ẹni ọdún 34, gbogbo ọ̀nà tí ó tọ̀ ni ó ti dí mọ́ ọn lójú, ara rẹ̀ sì tún dá wó.

Bí ọdún 1923 ṣe bẹ̀rẹ̀, ó lọ máa gbé ní Hastings, ìlú kan ní etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí afẹ́fẹ́ òkun lè ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni èrò tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà èwe tún padà wá: bí a bá lè fi wáyà rán ohùn, kí ni ó dé tí a kò lè rán àwòrán? Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ro èyí. Ní ọdún 1884, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Paul Nipkow ti ronú kan àwo pẹrẹsẹ tí a lu ihò sí lára. Àwọn ihò náà tò bí ìkarahun ìgbín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ àárín ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́yìn ẹní tí a ta, tí ihò kékeré kan wà lára ẹní náà, ibi kékeré kan péré ni yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá sáré kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí òmíràn sì tẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, tí wọ́n ń sáré ju bí ojú ti lè kà wọ́n lọ, ojú yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ, yóò sì rò pé òun rí odidi nǹkan. Iṣẹ́ àwo Nipkow nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ihò kọjá yóò bọ́ sórí ohun tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Iná yóò gba wáyà lọ. Ní òdìkejì, fìtílà kan yóò máa mọ́lẹ̀, yóò máa ṣú, gẹ́gẹ́ bí iná náà ti ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù. Àwo mìíràn tí ń yí ní ìwọ̀n kan náà yóò sì tún àwòrán náà tò níwájú ẹni tí ń wò. Nipkow kò kan ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ láti inú èrò yìí. Baird ni ó pinnu láti kàn án, kò sì lówó lọ́wọ́.

Àwọn ohun tí ó kó jọ sínú iyàrá rẹ̀ ní Hastings yóò pa ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìsọ̀ àtúnṣe lẹ́rìn-ín. Ó gé àwo rẹ̀ láti ara páálí tí a fi ń kó fìlà. Abẹ́rẹ́ ńlá ìránṣọ ni ó fi ṣe ọ̀pá tí ń yí i. Dígí iná kẹ̀kẹ́ ni ó fi kó ìmọ́lẹ̀ jọ, agolo bisikíìtì ni ilé fìtílà rẹ̀, àpótí tíì ni ó gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lé, ìda àti okùn ni ó sì so wọ́n pọ̀. Lójoojúmọ́ ni nǹkan ń já, tí ó sì ń tún un so. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó fi òjìji àgbélébùú kékeré kan ránṣẹ́ láti igun kan sí èkejì nínú iyàrá náà. Àwòrán náà ń gbọ̀n, kò sì ju òjìji lásán lọ, ṣùgbọ́n ó rìn.

Láti mú kí ìmọ́lẹ̀ náà le sí i, ó tò àwọn bátìrì iná ìléwọ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1924, ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kan ibi tí kò yẹ kí ó kàn, iná 1,000 fóltì sì gbá a. Ó jù ú nù, ó jó o lọ́wọ́, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Onílé kò béèrè ohun tí àwòrán jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó kẹ́rù rẹ̀ jáde. Àwọn oníṣẹ́ tí ń tú iná inú ìgò dànù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ó kẹ́rù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí iyàrá òkè ilé kan ní òpópónà Frith. Níbẹ̀ ni ebi pa á jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1925, ilé ìtajà ńlá Selfridge fún un lówó kí ó máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ han àwọn oníbàárà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjìji nìkan ni wọ́n ṣì ń rí. Baird fẹ́ rí ojú ènìyàn, ojú tí ó ní imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Orí ọmọláńgidi kan ni ó gbé síwájú ẹ̀rọ lóṣù dé oṣù, nítorí kò sí ènìyàn tí ó lè jókòó pẹ́ lábẹ́ oòru fìtílà náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1925, lójijì, orí náà hàn gẹ́gẹ́ bí orí, pẹ̀lú imú, ojú àti ẹnu. Baird sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, ó fa ọmọ ọ̀dọ̀ ibẹ̀, William Taynton, ẹni 20 ọdún, gòkè wá, ó sì mú un jókòó síwájú fìtílà. Nígbà tí ó padà sídìí ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù àti ooru ti lé ọmọ náà sẹ́yìn. Baird bọ owó fàdákà kan sí i lọ́wọ́, ọmọ náà tún jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ènìyàn àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán Baird. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1926, nǹkan bí 40 ọ̀mọ̀wé gun àtẹ̀gùn ilé náà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ayé gbọ́. Ní ọdún 1927 ó fi wáyà tẹlifóònù rán àwòrán láti Lọ́ńdọ̀nù dé Glasgow. Ní oṣù Kejì ọdún 1928 àwòrán rẹ̀ la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé ìtòsí New York.

Ìgbà yìí gan-an ni ó tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé ara rẹ̀ lórí. Gbogbo àwòrán tí ó ti ń rán, àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1928, ó gbé èyí tí ó ní àwọ̀ jáde. Dípò ìlà ihò kan lára àwo, ó lu mẹ́ta: ó fi ohun pupa tí ó mọ́ gaara bo ìlà kan, ó fi ti àwọ̀ ewé bo èkejì, ó sì fi ti aró bo ẹ̀kẹta. Bí àwo náà bá yí lẹ́ẹ̀kan, àwòrán mẹ́ta ni yóò jáde ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ọ̀kan ní pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àwọ̀ aró. Ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wò, fìtílà tí gáàsì neon wà nínú rẹ̀ ni ó ń tan pupa, àwọn tí ó ní mẹ́kúrì àti helium sì ń tan àwọ̀ méjì yòókù. Ojú kò ráyè yà wọ́n sọ́tọ̀; ó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ó yẹ kí àlàyé díẹ̀ wà níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí aláró bá rẹ aṣọ sínú aró, tí ó sì tún fi osùn kùn ún, aṣọ náà yóò ṣókùnkùn. Bí àwọ̀ tí a ń fi kún aṣọ ti ń pọ̀ sí i ni ó ń dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá pàdé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé lára ògiri funfun, àwọ̀ ìyeyè ni yóò hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ aró bá sì tún bọ́ sí i, ògiri náà yóò funfun. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kò fi ní fìtílà funfun nínú, síbẹ̀ tí agbádá funfun ń hàn nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́ta bá kú, funfun ni ó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Ibẹ̀ sì ni atúnṣe tí ó gbọ́n máa ń wò ṣáájú.

Àwọn tí ó wo àwòrán ọjọ́ náà rí ìborùn pupa àti ti aró, wọ́n rí akoto ọlọ́pàá, wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó yọ ahọ́n pupa síta, wọ́n rí iná ẹnu sìgá tí ń pọ́n, wọ́n rí òdòdó, wọ́n sì rí agbọ̀n kan tí ó kún fún èso pupa kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní strawberry. Ọmọbìnrin kékeré kan tún ń dé fìlà aláràbarà, ó ń ṣí i, ó ń dé òmíràn. Àwòrán náà kéré, ó sì ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n pupa jẹ́ pupa.

Ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwòrán rẹ̀ aláìláwọ̀ sí afẹ́fẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929. Àwọn ènìyàn ra ẹ̀rọ rẹ̀, nǹkan bí 1,000 lápapọ̀. Ní ọdún 1931 ó gbé Margaret Albu níyàwó ní New York, obìnrin ará Gúúsù Áfíríkà tí ó mọ dùùrù tẹ̀ púpọ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Bí ènìyàn bá wo Baird nígbà náà, yóò ní ó ti dé ibi tí ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ìlà 30 péré ni ó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀, àwo kò sì lè yí yára títí láé. Àwọn ẹlòmíràn ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní ilé-iṣẹ́ EMI, lábẹ́ Isaac Shoenberg, wọ́n ń ṣe àwòrán láìsí ohun tí ń yí rárá: ìtànṣán ni ó ń kọ àwòrán sí ojú ìgò, tí irin mágínẹ́ẹ̀tì sì ń darí rẹ̀. Baird mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà. Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé òun ni yóò borí, ẹ̀bi èyí sì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí a lè dì í rù. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn kàn, tí ọwọ́ ènìyàn sì lè tún so bí ó bá já, ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1936, BBC ṣí ibùdó rẹ̀ ní Alexandra Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní kí ẹ̀rọ méjèèjì máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: ìlà 240 ti Baird, àti ìlà 405 ti EMI. Ìdíje náà kò dọ́gba. Kámẹ́rà EMI ń rìn káàkiri bí ó ti wù ú. Ti Baird dúró lójú kan bí òpó: ó ń ya fíìmù, ó ń fi oògùn olóró fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì ń rán an ní tútù, kí ó tó di pé ìṣẹ́jú kan kọjá. Bí omi oògùn náà bá jò, iṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá yìí kan náà, iná sọ ní Crystal Palace, ààfin dígí ńlá tí ilé-iṣẹ́ Baird ní yàrá ìwádìí sí. Gbogbo ìlú ni ó rí ọwọ́ iná náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ó fi ọdún pípẹ́ kàn sì jóná di eérú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, wọ́n pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, wọ́n sì mú ti EMI.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyẹn ìbá tó láti mú jókòó sílé. Baird ti lé ní ọdún 48, ara rẹ̀ kò le, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ìròyìn tó láti jẹ ìyókù ayé rẹ̀ lé lórí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó padà sídìí àwọ̀. Nínú ilé ara rẹ̀ ní Sydenham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó to yàrá ìwádìí mìíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1938, ó fi àwòrán aláwọ̀ han ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lójú aṣọ ńlá nínú ilé eré Dominion ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ó sì ti gba ìgò àwòrán wọlé nígbà náà. Ó gbé àwo aláwọ̀ tí ń yí sí iwájú ìgò, bí àgbẹ̀ tí kò lè fi ọkọ́ àtijọ́ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ti ra tuntun.

Ogun àgbáyé kejì dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, BBC ti ibùdó àwòrán rẹ̀ pa. Ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ Baird wọ gbèsè, ó sì fọ́. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ẹkùn Cornwall, níbi tí bọ́ǹbù kì í ti í sábà já. Òun fúnra rẹ̀ ń padà sí Sydenham, sábẹ́ bọ́ǹbù, ó sì ń fi owó àpò ara rẹ̀ san owó iṣẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ díẹ̀ tí ó kù. Owó náà ń tán lọ. Kò sí ẹni tí ó ń gba àwòrán sílé nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ó pe àwọn oníwèé ìròyìn wá wo ohun tí ó ti ṣe. Ìgò ńlá ni, kò sì sí ohun kan tí ń yí nínú rẹ̀. Ní àárín rẹ̀ ni awẹ́ òkúta tín-ín-rín kan tí ó mọ́ gaara wà, èyí tí ń jẹ́ mica. Ó fi oògùn tí ń tan pupa rúsúrúsú kun ojú kan rẹ̀, ó sì fi èyí tí ń tan àwọ̀ aró mọ́ àwọ̀ ewé kun ojú kejì. Ohun méjì bí ìbọn wà lẹ́yìn àti níwájú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta ìtànṣán sí ojú tirẹ̀. Ẹni tí ń wò sì ń rí méjèèjì pọ̀ bí àwòrán kan. Ó ti ya àwòrán bí yóò ti fi ìbọn kẹta kún un, kí àwọ̀ lè pé. Ó pe ìgò náà ní Telechrome. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ti fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ han gbogbo ènìyàn: ìgò kan ṣoṣo tí ń fúnra rẹ̀ fi àwọ̀ hàn, láìsí àwo níwájú rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò lè fi àwo tí ń yí sílẹ̀ ti fi í sílẹ̀.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á láti máa ṣe é tà. Ní oṣù Kejì ọdún 1946, ẹ̀gbà kọlù ú. Ó wà ní Bexhill, ìlú etí òkun tí kò jìnnà sí Hastings tí ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí BBC tún ṣí ibùdó àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14, ó kú lójú oorun ní ẹni ọdún 57. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Helensburgh, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ àwọn ẹbí rẹ̀.

Ìgò tí ó wá gba ayé kan kì í ṣe tirẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ni ó fi í hàn ní ọdún 1950. Ìbọn mẹ́ta ni ó wà ní ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ojú rẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó ní ihò kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ìtànṣán pupa má baà ṣìnà bọ́ sórí èyí tí í ṣe ti aró. Ìdí nìyí tí atúnṣe kì í fi í jẹ́ kí a gbé gbohùngbohùn tí ó ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá sún mọ́ ojú ẹ̀rọ àtijọ́: mágínẹ́ẹ̀tì náà yóò fa irin àti ìtànṣán kúrò lójú ọ̀nà, àbàwọ́n aláràbarà yóò sì wà níbẹ̀ títí tí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi wá nù ún kúrò. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀nà àwọ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1953. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, pẹ̀lú ọ̀nà PAL tí Walter Bruch ṣe ní Jámánì, èyí tí Nàìjíríà náà mú lò nígbà tí àwọ̀ dé.

Ní tiwa, Ìbàdàn ni ó ṣáájú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ WNTV. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gba ipò Olórí Ìjọba ẹkùn náà, ilé-iṣẹ́ àwòrán tí kò tíì pé oṣù méjì sì bọ́ sábẹ́ ìjọba rẹ̀. Dúdú àti funfun ni wọ́n ń fi hàn. Ó di ọdún 1974, ní Jọ́s, kí àwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 46 lẹ́yìn agbọ̀n èso pupa ti Baird.

Ohun kan ṣẹ́kù tí Baird kò rí tún ṣe. Ní ọdún 1927 àti 1928, ó ti gbìyànjú láti kọ àwòrán rẹ̀ sára àwo, bí a ti ń kọ orin sára àwo giramafóònù. Nígbà tí ó gbé wọn síbi tí yóò ti lù wọ́n padà, àwòrán kò jáde ní rere, ó sì pa wọ́n tì. Láti àwọn ọdún 1980, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Donald McLean fi kọ̀ǹpútà tọpa ohun tí ó wà lára àwọn àwo náà, ó sì ń tún ibi tí ó gbọ̀n, ibi tí ó yẹ̀ àti ibi tí ó ṣá ṣe, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Ìlà 30 péré ni, síbẹ̀ a rí obìnrin kan tí ó ti jókòó síwájú fìtílà Baird ní ọdún 1928, tí ń yí orí, tí ń bá ẹnì kan tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àwọ̀ kò sí lára àwo wọ̀nyí.